Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Ìyálóde tí Àwọn Ajigbèsè Rẹ̀ Dá Lẹ́jọ́

Bí a bá ń sọ ìtàn ìlú Ìbàdàn, orúkọ àwọn jagunjagun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ènìyàn lẹ́nu: Olúyọ̀lé, Ìbíkúnlé, Ògúnmọ́lá, Látòósà. Kò sì burú bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, nítorí ogun ni a fi tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí 1829, ogun náà ni ó sì ń bọ́ ọ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo kì í jagun. Ìbọn kì í dún láìsí ẹ̀tù, ọmọ-ogun kì í rìn láìjẹun, ẹ̀tù àti oúnjẹ kò sì já bọ́ láti ojú ọ̀run rí. Ta ni ó ń rà wọ́n wọ̀lú? Ta ni ó ń fi wọ́n tàwìn fún àwọn tí kò ní owó lọ́wọ́? Ní Ìbàdàn ayé ìjọ́un, àwọn obìnrin wà lára àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tí òkìkí rẹ̀ sì kàn jù lọ nínú wọn ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde kejì tí ìlú Ìbàdàn ní.

Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn tí ń gba oríta Challenge kọjá, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ sí, láàárín ọkọ̀, èrò àti àwọn obìnrin tí ń tajà. Nígbà tí ó wà láyé, igbó àti oko ni gbogbo àdúgbò yẹn, gẹ́gẹ́ bí Ring Road, Bódìjà àti Àgbówó náà ti jẹ́ igbó àti oko. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa obìnrin náà kò ju pé ó ya ìkà lọ. Ìkà náà wà nínú ìtàn rẹ̀ lóòótọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà.

ÌRAN RẸ̀

Ẹfúnṣetán kì í ṣe ọmọ bíbí Ìbàdàn. Ọmọ Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà ni. Ògúnrìn ni orúkọ bàbá rẹ̀, ará Ìkíjà ni, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó sì ń ṣe. Ìtàn fi yé wa pé ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni ìyá rẹ̀, òwò kékeré ni ó ń ṣe jẹun, lẹ́yìn ìyá yìí ni Ẹfúnṣetán sì ti kọ́ bí a ti ń díwọ̀n ọjà, bí a ti ń ná an, àti bí a ti ń fi èrè díẹ̀ kún owó títí yóò fi di púpọ̀.

Àsìkò tí ó dàgbà kì í ṣe àsìkò ìrọ̀rùn. Ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ ká. Àwọn kan kó lọ sábẹ́ Olúmọ, wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, àwọn mìíràn fọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ìbàdàn ni Ẹfúnṣetán wá fi ṣe ibùgbé ní tirẹ̀. Ibi tí ó yàn dára fún ẹni tí ó bá láyà. Ìlú tí kò ní adé àjogúnbá ni Ìbàdàn ìgbà náà. Kò sí ẹni tí ń béèrè ilé tí ènìyàn ti wá kí ó tó béèrè ohun tí ó lè ṣe. Àlejò lè wọ̀lú lónìí, kí ó di olóyè lọ́la, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mú nǹkan wá. Àwọn ọkùnrin a máa fi ìbọn wá oyè. Owó ni Ẹfúnṣetán fi wá tirẹ̀.

ÒWÒ RẸ̀

Ohun tí ó ń tà pọ̀. Ó ń ta tábà. Ó ń ta kíjìpá, aṣọ tó nípọn tí àwọn obìnrin máa ń hun lórí òfì ìdúró. Ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù. Ó sì ń ta ènìyàn, nítorí òwò ẹrú wà nínú òwò àwọn olówó ayé ìgbà náà, Ẹfúnṣetán kò sì ta kété sí i. A gbọ́ pé àwọn ọjà rẹ̀ ń dé Àgbádárìgì, Ìkòròdú àti Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn aláwọ̀ funfun ń pè ní Porto-Novo, àti pé kíjìpá tí wọ́n ń hun fún un tilẹ̀ ré òkun kọjá dé Amẹ́ríkà.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà ayé ìgbà náà lè rò pé iṣẹ́ kékeré ni èyí. Kò sí ọkọ̀ ilẹ̀, kò sí ọkọ̀ ojú irin. Orí ènìyàn ni ẹrù ń gbé dé etí òkun, orí ènìyàn náà ni yóò sì gbé ọjà òyìnbó bọ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà láàárín Ìbàdàn àti òkun, àwọn oníbodè wọn a máa gba owó lọ́wọ́ èrò, nígbà tí ìjà bá sì dé, wọn a ti ọ̀nà pa. Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ bá há sọ́nà lè di ẹni tí ń tọrọ jẹ. Ẹni tí yóò ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ ní àṣeyọrí gbọ́dọ̀ ní ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà, kí ó ní ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ní etí òkun, kí ó sì ní owó tí yóò máa ná nígbà tí ọ̀nà bá dí. Ẹfúnṣetán ní gbogbo rẹ̀.

Ó tún ní oko. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ń gbé Ìbàdàn ní àwọn ọdún wọ̀nyí, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ẹrú rẹ̀ tí ó wà lóko nìkan tó 2,000, láìka àwọn tí ó wà nílé. Oko wọ̀nyí ni ìdí ọlà rẹ̀. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń jáde, àti ohun tí àwọn aláàárù ń rù lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn.

Bí nǹkan ṣe ń yí náà nìyí. Ológun tí kò lówó lọ́wọ́ yóò wá sí ilé Ìyálóde, yóò gba ìbọn, ọta àti ẹ̀tù ní àwìn, yóò sì ṣèlérí pé bí òun bá ti ogun dé, òun yóò san án. Bí ogun bá ṣe, yóò kó ẹrú bọ̀, yóò sì fi lára wọn san gbèsè. Àwọn ẹrú náà yóò lọ sí oko Ìyálóde, iṣẹ́ wọn yóò mú oúnjẹ àti ọjà wá, èrè rẹ̀ ni a ó tún fi ra ẹ̀tù mìíràn. Bí ogun kò bá sì ṣe, tàbí bí ológun bá kọ̀ láti san, ẹni tí ó tàwìn ni òfò já lé lórí.

OYÈ ÌYÁLÓDE

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìyálóde kì í ṣe ìyàwó ọba, kì í sì í ṣe ìyá ọba. Orúkọ oyè náà fúnra rẹ̀ fi hàn: ìyá tí ó wà ní òde ni, ní ibi tí ọ̀rọ̀ ìlú wà. Òun ni ẹnu àwọn obìnrin nínú ìgbìmọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ wọn ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ ọjà bá dé, òun ni a ń wò lójú. Ní Ìbàdàn, ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ ẹ́ ni Ṣubúọlá, oníṣòwò tí ó ran àwọn ológun lọ́wọ́ nípa títàwìn fún wọn. Ohun tí a fi mọ̀ pé oyè náà ju ọ̀ṣọ́ lọ nìyí: Ìbàdàn fi í san oore fún obìnrin tí owó rẹ̀ wúlò fún ogun.

Ẹfúnṣetán ni ó jẹ ẹ́ tẹ̀ lé Ṣubúọlá, ó sì ju ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ ní ọlà. Ó ní àwọn ọmọ-ogun tirẹ̀ tí ó lè rán jáde. Ní àkókò kan náà, Ẹfúnróyè Tinúbú, tí ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, ń fi owó òwò rẹ̀ ṣe ohun kan náà ní Abẹ́òkúta. Ìlú méjèèjì tí wọ́n ń bá ara wọn jà ni ó gbára lé owó obìnrin.

IKÚ ỌMỌ RẸ̀

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ẹfúnṣetán bí, obìnrin ni. Ní 1860, ọmọ yìí kú lórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó sọ ìtàn rẹ̀ ni ó gbà pé láti ọjọ́ náà ni ìwà rẹ̀ ti yí padà. Obìnrin tí ó ní ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn lóko kò ní ẹnìkan tí yóò jogún rẹ̀. Láàárín àwọn Yorùbá, ẹni tí ó lówó tí kò lọ́mọ mọ irú ojú tí ayé fi ń wò ó.

Ìbànújẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Ẹfúnṣetán fi ìbànújẹ́ tirẹ̀ ṣe burú. Ó ka oyún léèwọ̀ fún àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀. Èyí tí ó bá lóyún, ikú ni; ẹrúkùnrin tí ó bá fún un lóyún kò ní yè. Iye àwọn tí ìtàn sọ pé ó pa lọ́nà báyìí tó 41, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn ju ọkùnrin lọ.

Ẹni tí ó bá ń fi Ẹfúnṣetán yangàn gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ó ní òwò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró níbí kí ó ronú. Ta ni ó ń kọ ebè ní oko Ìyálóde? Ta ni ó ń rán òwú, tí ó ń hun kíjìpá, tí ó ń gbé ẹrù lọ sí Ìkòròdú? Obìnrin wà nínú àwọn náà, wọn kò sì ní oyè, wọn kò ní owó, wọn kò tilẹ̀ ní àṣẹ lórí ilé ọmọ tiwọn. Iṣẹ́ wọn ni ó di wúrà tí a fi ń ki olówó wọn. Ìtàn òwò obìnrin ní Ìbàdàn kò pé bí a bá ka ẹni tí ó ni oko, tí a sì fo àwọn tí ó ro ó.

GBÈSÈ ÀWỌN OLÓGUN

Ní nǹkan bí 1871, Ọbádòkè Látòósà di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ó sì di olórí Ìbàdàn. Ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ogun ni, tí ó sì fẹ́ kí àṣẹ gbogbo wà lọ́wọ́ òun. Ogun lé ogun ni ìṣèjọba rẹ̀. Ogun lé ogun túmọ̀ sí àwìn lé àwìn.

Àwọn ológun ń gba ẹ̀tù àti ìbọn lọ́wọ́ Ìyálóde, wọn kò sì san án. Gbèsè ń ga. Bí àwọn onímọ̀ ìtàn ti fi hàn, nígbà tí ó yá ni Ẹfúnṣetán wo ìwé ọkàn rẹ̀, tí ó rí i pé ohun tí òun ń kó jáde kò padà wọlé mọ́, tí ó sì dáwọ́ àwìn dúró. Kò sí oníṣòwò tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe gba èyí tí wọ́n ti jẹ ẹ́? Yorùbá ní ọ̀nà tí ó fi ń sin gbèsè. Bí ajigbèsè bá yakú, olówó yóò rán ológò lọ sí ilé rẹ̀. Ológò yóò jókòó sí ojúde onílé, yóò máa pariwo, yóò máa bú u, yóò sì máa pa adìẹ ilé jẹ, títí ojú yóò fi ti onílé tí yóò wá owó san. Ọ̀nà náà dára fún aláṣọ àti ẹlẹ́pọ. Ológò wo ni ènìyàn lè rán lọ sí ojúde Ààrẹ? Ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ olówó nígbà tí àwọn tí ó jẹ gbèsè jẹ́ àwọn kan náà tí ń jókòó dájọ́? Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ní ọwọ́ Ìyálóde ni kí ó má tún tàwìn mọ́, ohun yìí gan-an ni wọ́n sì sọ di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

ẸJỌ́ RẸ̀

Nígbà tí Látòósà ti ogun bọ̀ ní 1874, ó gbé ọ̀rọ̀ Ìyálóde dé iwájú ìgbìmọ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó fi kàn án. Èkíní ni pé kò bá Ààrẹ lọ sí ogun. Èkejì ni pé kò fi ohun kan ránṣẹ́ sí i nígbà tí ó wà lójú ogun. Ẹ̀kẹta ni pé kò jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu odi kí ó kí i kú àbọ̀.

Kí òǹkàwé tún àwọn ẹ̀sùn náà gbé yẹ̀ wò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dárúkọ àwọn ẹrú tí ó pa. Àwọn obìnrin tí wọ́n kú nítorí oyún kò rí ẹni bá wọn ro ẹjọ́ ní ọjọ́ náà. Ohun tí ìgbìmọ̀ rí bí ẹ̀ṣẹ̀ ni pé olówó kan fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kò sì wólẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn wólẹ̀ fún òun.

Ẹfúnṣetán san owó ìtanràn. Àwọn kan bẹ̀bẹ̀ fún un. Inú Látòósà kò rọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, 1874, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì fi Ìyáọlá jẹ Ìyálóde dípò rẹ̀.

BÍ Ó TI KÚ

Ẹni tí a ti yọ lóyè tún wà nínú ilé rẹ̀, ọlà rẹ̀ sì tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn kò tẹ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ lọ́rùn. Kúmúyìlọ́, ọmọ tí ó gbà tọ́, ni wọ́n fi àdàkàdekè gbà mọ́ra. Ní òru ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà, 1874, méjì nínú àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ gba orí àjà wọ yàrá tí ó sùn sí, wọ́n sì pa á.

Ikú náà mú gbogbo ìlú gbọ̀n. Bí ẹrú bá lè gba orí àjà wọlé pa olówó rẹ̀, olóyè wo ni yóò sùn? Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀ràn náà. Ní oṣù Keje, wọ́n pa àwọn ẹrú méjèèjì ní gbangba. Wọ́n pa ọwọ́ tí ó ṣiṣẹ́. Orí tí ó rán ọwọ́ níṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ó ń wò.

Ní 1877, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ikú rẹ̀, Látòósà rán àwọn ènìyàn lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ru ẹrù bọ̀, àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà, wọ́n sì kó wọn lẹ́rù. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí ó dá ogun ńlá sílẹ̀, tí ó fi di pé Ìbàdàn ń bá ọ̀tá jà ní ìhà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Látòósà kú sójú ogun Kírìjí ní 1885, ogun náà kò sì túká pátápátá títí di 1893. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó mọ ọ̀nà Àjàṣẹ́, tí ó sì mọ bí ẹrù ṣe ń dé Ìbàdàn, ni wọ́n ti pa sórí ibùsùn rẹ̀.

ORÚKỌ RẸ̀ LẸ́YÌN IKÚ

Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí a tẹ̀ jáde ní 1970, ni ó mú kí orúkọ Ẹfúnṣetán tàn dé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Nínú eré náà, ó ya ìkà pọ́ńbélé, ìlú dìde sí i lábẹ́ Látòósà, ó sì gbé májèlé jẹ níkẹyìn. Eré dára, ọgbọ́n èdè rẹ̀ kò láfiwé, ṣùgbọ́n eré ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kà á kí ó rántí pé kò gbé májèlé jẹ nínú ìtàn tí Johnson kọ, wọ́n pa á ni.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Àgbówó dojú kọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ tún ìtàn náà gbé yẹ̀ wò. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ẹfúnṣetán, tí a tẹ̀ jáde ní 1992 nínú ìwé kan nípa àwọn obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà, ó fi hàn pé oníṣòwò àti olóṣèlú ni Ìyálóde yìí, àti pé ìjà àṣẹ àti ìjà owó ni ó gbé e ṣubú. Kò wẹ̀ ẹ́ mọ́ kúrò nínú ìkà rẹ̀. Ó kàn fi ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kún ohun tí òun náà gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Oyè náà kò kú. Ní 1944, Wúràọlá Ẹsan dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Mọ́lété, tí kò jìnnà sí Challenge. Ní 1960 ó di obìnrin àkọ́kọ́ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1975 ó jẹ Ìyálóde Ìbàdàn, ó sì di oyè náà mú títí ó fi kú ní 1985. Kò ní ẹrú, kò tàwìn ẹ̀tù. Ìwé ni ó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Àwìn náà kò kú. Ní Bódìjà, ní Dùgbẹ̀, ní Challenge, obìnrin pọ̀ tí ń gbé ọjà fún oníbàárà lónìí tí yóò gba owó rẹ̀ ní ìparí oṣù. Ohun tí wọ́n ní tí Ẹfúnṣetán kò ní ni ilé ẹjọ́ tí kì í ṣe ilé ajigbèsè. Ohun tí àwọn tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní, tí àwọn ará oko Ìyálóde kò ní, ni ẹ̀tọ́ láti gba owó iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì bímọ nígbà tí ó bá wù wọ́n. Níbi tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti ń yẹ̀, kí a mọ̀ pé ọjọ́ ayé Ẹfúnṣetán kò tíì jìnnà. Wúrà ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wúrà kò gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò sì gba àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ òun náà.